Alága Tó Lé Òjò Kúrò Nínú Orin

Ẹ sún àga mọ́ iná, kí n sọ fún yín bí Ignatius Prunty, alága kánsù Kilvarna, ṣe pàṣẹ pé kí òjò kúrò ní ìwọ̀-oòrùn Ireland, àti èsì tí òjò fún un. Bí ẹ bá bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ ohun tí alága ń rò nínú yàrá rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ ò gbé Kilvarna rí. Ní ìlú wa, ohun tí èèyàn bá rò lórí ibùsùn ti di ìròyìn nílé ìfìwéránṣẹ́ kí onítọ̀hún tó mu tíì àárọ̀.

Ọkùnrin kúkúrú ni Prunty. Àyà rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, ìyókù ara á wá tẹ̀lé e. Ẹ̀wọ̀n oyè alága tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ máa ń kó sọ́rùn lọ́jọ́ ìpàdé nìkan, òun a kó o sọ́rùn lọ ra mílíìkì. Ó kó o sọ́rùn lọ síbi ìsìnkú ìyá ìyàwó rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń kí i kú oríire kí wọ́n tó rántí pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó ní ẹ̀wọ̀n náà kéré sí iṣẹ́ tí òun ń ṣe, ó ní kí wọ́n rọ òmíràn tó nípọn bí èyí tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́lẹ̀. Irin ni wọ́n fi rọ ọ́, wọ́n wá kùn ún ní ọ̀dà wúrà. Ẹ fi ọ̀dà yẹn sọ́kàn.

Bí Prunty bá fẹ́ ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú lásán, ọ̀rọ̀ tó máa sọ níbẹ̀ á gùn ju ìwàásù Kérésìmesì lọ. "Ẹ̀yin ará Kilvarna! Nígbà tí àwọn baba ńlá wa ń jìyà nítorí òmìnira, ǹjẹ́ wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí irú ilẹ̀kùn báyìí yóò ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn?" Àwọn tí wọ́n nílò ilé náà lójú ẹsẹ̀ á dúró sápá kan, wọ́n á máa lọ́ ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Concepta Gilhooly, akọ̀wé kánsù, á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alága. Iṣẹ́ Concepta ni àtẹ́wọ́. Bí alága bá sọ òótọ́, á pàtẹ́wọ́. Bó bá purọ́, á pa á kíkan kíkan. Bó bá sín, á ní, "Ọ̀rọ̀ ńlá, Alága!"

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ráńdábáòtù ẹnu ọ̀nà ìlú ni Prunty fẹ́ràn jù. Ó rí róbótó, òdòdó wà láàárín rẹ̀, òkúta kan sì wà láàárín òdòdó, orúkọ Prunty ló wà lára òkúta. Ọ̀nà méjì péré ló wọ inú rẹ̀, èyí tí a ń bá bọ̀ àti èyí tí a ń bá lọ, tó fi jẹ́ pé bí kì í bá ṣe ti ráńdábáòtù náà, ọ̀nà tààrà ni ì bá jẹ́. Àwọn àgùntàn ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lò. Wọ́n ń jẹ òdòdó ibẹ̀.

Orin ló kó alága sí wàhálà. Àwọn ará ìpínlẹ̀ tó múlé tì wá kọ orin ńlá kan nípa adágún wọn, ọ́kẹ́sírà gbá a, mínísítà sì ti Dublin wá gbọ́ ọ. Fọ́tò wọn jáde nínú ìwé ìròyìn. Prunty tẹjú mọ́ fọ́tò náà títí tíì rẹ̀ fi tutù. Ó ní adágún yẹn kò tó nǹkan, pé ewúrẹ́ tó bá nítìjú kò ní mu omi níbẹ̀.

Àwa náà kúkú ní akọrin tiwa. Nuala Heverin ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Murty Heverin tó ń sin àgùntàn lẹ́sẹ̀ òkè Corra. Ó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Dublin, ó padà wálé, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní píánò, ó sì ń kọ orin ńlá kan fún ọ́kẹ́sírà ìlú. Ọ́kẹ́sírà tí mò ń sọ yìí, èmi náà wà níbẹ̀, mò ń lu ìlù lẹ́yìn pátápátá. Nọ́ọ̀sì ìlú ló ń fọn fèrè, fáda ìjọ ló ń gbá gòjé ńlá tó ga jù ú lọ, àwọn àgbẹ̀ ló ń fọn fèrè idẹ, Breege Kilgallon tó ni ilé ọtí sì ni olórí àwọn onígòjé. Bí oòrùn bá ràn tí koríko ẹran sì ti tó gé, kò sí ìgbáradì lọ́jọ́ náà, ẹ má wulẹ̀ wá. Àmọ́ a mọ orin í gbá.

Apá mẹ́ta ni orin Nuala ní: Òkè, Òjò, àti Adágún. Òjò ni ọkàn rẹ̀. Àwọn onígòjé á kọ́kọ́ fi ìka ta okùn, tó, tó, tó, bí òjò ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù ilé ẹran bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fèrè kan á gba àárín òjò náà kọjá, ìyẹn súfèé tí Murty fi máa ń pe ajá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ohun kan ṣoṣo ni Nuala ń fẹ́, pé kí bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ. Etí Murty ti ń di, dókítà sì ti sọ pé kí ọdún náà tó parí, kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Bí kò bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀rùn yẹn, ó parí nìyẹn.

Prunty ránṣẹ́ pe Nuala sí ọ́fíìsì.

"Jókòó, ọmọ mi. Mo gbọ́ pé o ti kọ orin nípa ìpínlẹ̀ mi."

"Nípa òkè Corra ni, Alága."

"Òkè yẹn náà, abẹ́ mi ló wà. Kí ló wà nínú orin ọ̀hún?"

"Apá kìíní ni Òkè."

"Ṣé ó ga?"

"Ó ga, Alága."

"Fi díẹ̀ kún un. Mi ò fẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ yẹn sọ pé tiwọn ga jù ú lọ. Kí ló tún kù?"

"Apá kejì ni Òjò."

Bisikíìtì bọ́ lọ́wọ́ Prunty. Ó yí sí Nuala díẹ̀díẹ̀, ẹ̀wọ̀n ń dún lọ́rùn rẹ̀. "Òjò wo?"

"Òjò tó máa ń rọ̀ ni, Alága." Nuala wo fèrèsé. Ó ń rọ̀ lọ́wọ́.

"Concepta! Ṣé òjò máa ń rọ̀ ní Kilvarna?"

Concepta wo fèrèsé. Ó wo bàtà ara rẹ̀ tó ti rin gbingbin. "Mi ò rí i rí, Alága."

"Ṣé o gbọ́? Mínísítà ń bọ̀ wá yan ìlú tí wọ́n máa polówó fún àwọn tó ń rìnrìn-àjò ìgbafẹ́. Mo ti kéde fún gbogbo ayé pé kò síbi tí oòrùn ń ràn tó Kilvarna ní gbogbo erékùṣù yìí. Ìwọ wá fẹ́ da òjò lé mínísítà lórí?"

"Orin ni, Alága. Òjò yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ gbogbo ìyókù. Bàbá mi..."

"Òjò á kúrò! Mo ti pàṣẹ!"

"Ọ̀rọ̀ ńlá, Alága!" Àtẹ́wọ́ dún.

"Kí ló wá máa wà láàárín?" ni Nuala béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Prunty nawọ́ sí ara ògiri. Àwòrán ráńdábáòtù ló wà níbẹ̀, wọ́n ya òun fúnra rẹ̀ sínú òdòdó. "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ máa ń sọ pé òkè, ẹ máa ń sọ pé adágún. Ta ló kọ́ òkè? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ráńdábáòtù yẹn ńkọ́? Èmi ni! Ogún tí mo fi sílẹ̀ fún Ireland nìyẹn. Kọ ọ́ lórin, kó gùn tó bí mo bá ṣe fẹ́ kó gùn tó, torí pé èmi fúnra mi ni màá darí ẹ̀."

"Ṣé ẹ ti darí ọ́kẹ́sírà rí?"

"Mo ń darí kánsù, ọmọ mi. Àwọn yẹn kò tiẹ̀ ní ohun èlò lọ́wọ́." Ó tẹ̀ síwájú. "Tó o bá kọ̀, gbọ̀ngàn ìlú ti tì, pápá ti tì, Concepta á fọn fèrè fún mínísítà."

Concepta kò fọn fèrè rí láyé rẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ló lọ ra ọ̀kan.

Nuala délé, ó bá bàbá rẹ̀ nídìí iná. Ó ní láti pariwo.

"Dádì! Ó ní kí n yọ òjò kúrò!"

"Ó ní kó o ṣe kí ni?"

"Òjò! Prunty ní kí n yọ ọ́ kúrò nínú orin!"

Murty rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Iggy Prunty? Bàbá ẹ̀ náà ṣe irú ẹ̀. Ó dúró lórí katakata lọ́jọ́ tá à ń gé koríko, ó ń bú òjò, ó bú u títí tó fi wa katakata wọnú kòtò. Jẹ́ kó yọ ọ́ o jàre. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa."

"Àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ ni, Dádì."

"Màá gbọ́ ọ."

"Báwo lẹ ṣe máa gbọ́ ọ?"

"Mi ò mọ̀. Èmi ni mo kàwé orin ni?"

Nuala rẹ́rìn-ín, ó sì lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún. Ohun tó dùn ún ni pé bàbá rẹ̀ pariwo ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni tó wà lórí òkè kejì, kò sì mọ̀ pé òun ń pariwo.

Ìbínú ló fi kọ Ráńdábáòtù. Orin kékeré kan ni, tó ń yí padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ara rẹ̀, tó sì tún ń bẹ̀rẹ̀. Ó lè yí bẹ́ẹ̀ títí ayé. Bí adarí bá fẹ́ kó parí, á na ọwọ́ òsì sókè, á la àtẹ́lẹwọ́, á wá pa á dé, bí awakọ̀ ṣe máa ń tan iná apá òsì láti fi hàn pé òun fẹ́ jáde ní ráńdábáòtù. Ẹ má rò pé Nuala dẹ pakúté o. Alága ló ní òun fẹ́ kó gùn tó bó bá ṣe wu òun, ọ̀nà tí ó lè gbà ṣe é nìyẹn. Ó sì ṣàlàyé fún un lójú gbogbo wa. Ní àkókò náà, Prunty ń ya fọ́tò pẹ̀lú ọ̀pá ìdarí, ó ń béèrè lọ́wọ́ ayàwòrán bóyá apá ọ̀tún òun ló rẹwà jù tàbí apá òsì.

"Ṣé ẹ gbọ́, Alága? Ọwọ́ òsì."

"Apá òsì ni mo rò náà," ni Prunty dáhùn, ó sì yíjú sí kámẹ́rà.

Ìgbáradì wá di eré. Prunty á gun àga, á máa fi ọ̀pá na afẹ́fẹ́ bí ẹni ń lé oyin. A kì í wò ó. Ìpéǹpéjú Breege là ń wò. Bó bá gbé e sókè, a ó bẹ̀rẹ̀. Bó bá sọ ọ́ kalẹ̀, a ó rọra. Lọ́jọ́ kan, Prunty kíyè sí àwọn onífèrè idẹ.

"Ẹ̀yin wọ̀nyẹn! Kí lẹ jókòó gẹlẹtẹ sí?"

"Kò tíì kàn wá ni, Alága. À ń dúró."

"Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúró lábẹ́ ìjọba mi! Gbogbo yín, ẹ máa fọn ọ́n!"

Wọ́n fọn ọ́n. Màlúù mẹ́ta fo ọgbà.

Lọ́jọ́ kan náà, Concepta pariwo "Ọ̀rọ̀ ńlá!" láàárín orin, a rò pé ó ti tán, a dákẹ́. Inú bí Prunty. Ó fi ọ̀pá lu tábìlì. "Láti òní lọ, ẹni tó bá dáwọ́ orin mi dúró nítorí ohùn ẹnikẹ́ni, kò sí nínú ọ́kẹ́sírà yìí mọ́! Kódà bó jẹ́ ohùn tèmi! Ọwọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ wò! Ọwọ́ mi!"

"Ọwọ́ ẹ nìkan, Iggy?" ni Breege béèrè. Iléèwé kan náà làwọn méjèèjì jọ lọ.

"Ọwọ́ mi nìkan!"

"Ó dáa náà."

Ó wá ku ojú ọjọ́. Prunty ní ìta gbangba ni orin máa ti wáyé, lẹ́bàá ilẹ̀ àbàtà lẹ́sẹ̀ òkè Corra, kí mínísítà lè rí oòrùn dáadáa. Lọ́dọ̀ wa, bí ìgbéyàwó bá ku ọ̀la, a máa ń gbé ère kékeré Jésù Ọmọ-ọwọ́ sábẹ́ igi lẹ́yìn ilé kí òjò má bàa rọ̀. Gbogbo ilé ló ní tirẹ̀. Èyí tí orí rẹ̀ bá ti já rí, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà, ìyẹn ló lágbára jù. Orí ère Breege ti já lẹ́ẹ̀mejì, òjò kò tíì pa ìyàwó kankan lọ́jọ́ ìgbéyàwó ní àdúgbò rẹ̀ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n orí gbọ́dọ̀ já fúnra rẹ̀ ni. Ológbò lè gbá a ṣubú, atẹ́gùn lè gbé e ṣubú. Ọmọ ọlọ́dún méjì ní Kilvarna mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Prunty pàṣẹ kí gbogbo ilé gbé tiwọn síta. Ó wá ra ère tuntun fún kánsù, ó ga tó orúnkún, ó ń dán. Ó gbé e sórí tábìlì níwájú gbọ̀ngàn ìlú, ó sì pe Concepta pé kó mú òòlù wá.

"Iggy!" Breege sáré jáde láti ilé ọtí, aṣọ ìnuwọ́ ṣì wà léjìká rẹ̀. "Orí ẹ dàrú ni? Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é! Ó gbọ́dọ̀ já fúnra ẹ̀!"

"Kánsù kì í jókòó de nǹkan kó já fúnra ẹ̀, Breege. Concepta, ṣiṣẹ́ ẹ."

Concepta fi àmì àgbélébùú kan iwájú orí, ó ní, "Ẹ má bínú, Olúwa mi, alága ló ní kí n ṣe é," ó sì gbá a. Orí yí lọ sábẹ́ mọ́tò fáda. Concepta gbé òòlù sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn àtẹ́wọ́ náà kò ró.

Murty Heverin wà níbẹ̀. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ sórí àbàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ilẹ̀ àbàtà dúdú tó gé sá, èyí tí a máa ń fi dáná bí igi nígbà òtútù, sínú ilé kí òjò má bàa bá a níta. Àwa tó rí i, àwa náà lọ kó tiwa.

Ọjọ́ orin pé, oòrùn sì yọ. Ó ràn débi pé Prunty dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ta àgọ́ ńlá kan fún ọ́kẹ́sírà. Ti Prunty, ó ní òjìji àgọ́ á ba fọ́tò òun jẹ́, nítorí náà ìta ni wọ́n kan pèpéle tirẹ̀ sí, ó ga bí òkìtì koríko, ó wà létí àbàtà gan-an. Concepta dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gba agbòjò lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

"Agbòjò ti di àfojúdi sí ìjọba," ni ó ń wí. Ó kó gbogbo wọn sínú mọ́tò kánsù, ó tì í. Àmọ́ ẹni tó bá wo apá aṣọ rẹ̀ dáadáa á rí i pé ó ti ṣẹ́ ọ̀kan kù fún ara rẹ̀.

Mínísítà dé, obìnrin gíga kan tó wọ bàtà funfun. Wọ́n fi í síwájú. Murty jókòó nítòsí rẹ̀, ajá rẹ̀ wà lábẹ́ àga. Prunty gun pèpéle. Ó sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, ó sọ nípa ráńdábáòtù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ oòrùn fún bó ṣe fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú kánsù. Nígbà tó parí, ìkùukùu kékeré kan ti yọ lórí Corra. Kò tóbi ju fìlà lọ.

A gbá Òkè. Ó dára, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ìpéǹpéjú Breege ṣiṣẹ́ gidi.

Ráńdábáòtù ló kàn. Ó yí po, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tún yí po, ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì sí i. Ó yí, ó yí, ẹ̀rín músẹ́ náà gbẹ. Prunty ti tẹ́ ọkàn rẹ̀ lọ́rùn, ó fi ọ̀pá ṣe bẹ́ẹ̀ pé ó tán. A ń gbá a lọ. Ó na ọwọ́ ọ̀tún bí ọlọ́pàá tó ń dá mọ́tò dúró. Àwọn onífèrè idẹ rò pé ó ní kó dún sí i, wọ́n dún sí i. Ó juwọ́ bó ṣe máa ń juwọ́ sí àwọn olùdìbò, orin yá sí i. Ó fi ọwọ́ kan iwájú orí, ó kan àyà, ó kan èjìká méjèèjì. Fáda ní "Àmín", ó sì tún gòjé ńlá rẹ̀ gbá láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ó tó!" ni Prunty pariwo. "Mo ní ó tó!"

A gbọ́ ọ o. Mi ò ní purọ́. "Ohùn rèé," ni nọ́ọ̀sì wí láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu fèrè rẹ̀, "ọwọ́ dà?" Òfin kánsù ni òfin. A yí po.

Mínísítà tẹ̀ sí Concepta létí. "Ìgbà wo ni èyí máa tán?"

"Ó ti tán, mà," ni Concepta wí. "Ẹ̀ ń gbọ́ àjẹkù ẹ̀ ni."

Ìgbà náà ni òjò dé. Kò wulẹ̀ kí wa. Ó ti orí Corra wá bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, ó sì bọ́ sórí pèpéle alága kó tó kan ẹnikẹ́ni. Prunty wo òkè, ó wo àgọ́, ó wo mọ́tò tí agbòjò wà nínú rẹ̀. Ó nawọ́ sí Concepta. Concepta fa agbòjò rẹ̀ yọ láti apá aṣọ, ó ṣí i gbàgà, ó sì nà án sórí mínísítà.

Ọ̀dà wúrà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ó ń ṣàn lára ṣẹ́ẹ̀tì funfun alága bí ẹyin tí a kò sè jinná, irin dúdú sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Prunty ṣì ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà àbájáde, ó ń fi ṣe ẹyẹ, ó ń fi ṣe ọkọ̀ ojú omi, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ wá. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Pèpéle ti tán níbẹ̀. Àbàtà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì dì í mú títí dé ikùn. Kò fara pa, ẹ má mikàn; ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ ju tìmùtìmù lọ. Àní nínú ẹrẹ̀ náà, ó ṣì ń juwọ́ sí wa.

Nuala dìde ní ìlà iwájú. Ó wá síwájú àgọ́ wa, ó na ọwọ́ òsì sókè, ó la àtẹ́lẹwọ́, ó pa á dé.

A dákẹ́.

Òjò nìkan ló kù, lórí tapólì àgọ́. Tó, tó, tó. Nuala wo bàbá rẹ̀. Murty ti ṣí fìlà, ó gbé ojú sókè, omi òjò ń ṣàn lójú rẹ̀. Nuala wo Breege. Breege fa ìwé kan yọ lábẹ́ àga rẹ̀, àwa náà fa tiwa yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé a yọ Òjò kúrò? Inú ilé ọtí Breege la ti ń gbá a láti ọjọ́ yìí wá.

Breege fi ìka ta okùn. Tó, tó, tó. Òjò orí àgọ́ dá a lóhùn. Kò sí ẹni tó sá. Wọ́n jókòó sínú omi, bàtà funfun mínísítà ti di dúdú, kò sì gbé ẹsẹ̀. Nígbà tí òjò inú orin le, ti òkè náà le. Nọ́ọ̀sì wá gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn súfèé Murty, gígùn, tó ń lọ sókè lópin. Ajá jáde lábẹ́ àga. Ó dúró, ó na etí, ó rìn la àárín gbogbo èèyàn kọjá, ó lọ jókòó síwájú nọ́ọ̀sì, ó sì ń wo ojú rẹ̀ pé òun ti dé. Mi ò rí ìlù tí mò ń lù mọ́. Ẹ pè é ní òjò, ohun tó wà lójú mi.

Nígbà tó tán, Nuala lọ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó fi ẹnu mọ́ etí rẹ̀. "Dádì, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ méjèèjì," ni Murty wí, ó pariwo débi pé gbogbo pápá gbọ́. "Mi ò kàn mọ èyí tó jẹ́ tìẹ ni."

Nuala gbé orí lé e lórúnkún. Kò sí àtẹ́wọ́ tó tó ìyẹn.

Ìgbà náà ni ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé alága ṣì wà nínú àbàtà. Katakata la fi fà á jáde, bàtà rẹ̀ kan sì wà níbẹ̀ dòní. Mínísítà sọ lórí rédíò pé òun ti gbé Ireland látìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò gbọ́ òjò rí àfi ní Kilvarna. Wọ́n yan ìlú wa. Àwọn àlejò ń wá báyìí láti ilẹ̀ Jámánì wá dúró sínú òjò wa, bí oòrùn bá ràn, wọ́n á bínú. Kánsù dìbò, wọ́n gba ẹ̀wọ̀n lọ́rùn Prunty, wọ́n sì gbé e kọ́ Concepta lọ́rùn, torí òun ló mọ ibi tí gbogbo kọ́kọ́rọ́ wà. Kò rí ẹni tó máa pàtẹ́wọ́ fún un, nítorí náà, bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, á gbé ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, á sì pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Prunty padà sí ṣọ́ọ̀bù ìṣó àti ọ̀dà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó lè wọ ilé ọtí Breege. Ìgbà tí ewé ń wọ́ ni, etí Murty sì ti di pátápátá nígbà náà. Àwọn èèyàn ń kọrin nídìí iná. Òfin kan wà lọ́dọ̀ wa tí kánsù kò ṣe, tí kánsù kò sì lè fagi lé: ẹni tó bá kọrin tán ló máa pe ẹni tó kàn, ẹni tí wọ́n bá sì pè kò gbọ́dọ̀ kọ̀, ì báà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Murty kọrin tirẹ̀, kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀, àmọ́ kò ṣìnà. Ó parí, ó wo yíká, gbogbo ilé ń retí.

"Iggy Prunty," ni Murty wí.

Ọkùnrin tó ti sọ̀rọ̀ ju gbogbo wa lọ ní Kilvarna dìde, ọrùn rẹ̀ ṣófo, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tó máa wà. Ó bẹ̀rẹ̀ orin kan nípa ọkọ̀ ojú omi kan, orin tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ. Ohùn rẹ̀ kò burú, ó yà wá lẹ́nu. Àmọ́ ó gbàgbé ìparí rẹ̀. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún dé ibẹ̀, ó tún padà. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, Breege gbè é, fáda gbè é, gbogbo ilé ń bá a yí po, ojú Prunty sì ti pọ́n bí ẹ̀pà. Ó wá wo Nuala tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

Nuala gbé ọwọ́ òsì sókè, ó la àtẹ́lẹwọ́, ó pa á dé. Prunty wò ó dáadáa, ó sì dákẹ́.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?" ni ó béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gbẹ́ni Prunty. Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀."